Leclerc, Ọ̀gágun Tó Mú Ìlérí Rẹ̀ Ṣẹ

1. Ogun dé ẹnubodè

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dúró ní Idigny, tí ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ẹnubodè Nàìjíríà ni ẹ kọjú sí yẹn. Kò jìnnà. Àwọn ará Kétu máa ń kọjá níbẹ̀ lọ ná ọjà, wọ́n sì máa ń lọ kí ẹbí wọn. Àwọn ará Mẹ́kọ náà máa ń wá sí Kétu. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ní ọdún 1940, òyìnbó ló ń ṣàkóso ìhà méjèèjì. Faransé ló ń ṣàkóso ìhà Kétu. Dahomey ni wọ́n ń pe ilẹ̀ Benin nígbà náà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso ìhà Mẹ́kọ, ní Nàìjíríà.

Ní àkókò yẹn, ogun ńlá kan ń jà ní Yúróòpù. Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1939. Hitler ni orúkọ olórí Jámánì. Ìkà ènìyàn ni. Ó fẹ́ gba ilẹ̀ àwọn tó yí i ká. Ó kórìíra àwọn Júù, ó sì pa àìmọye nínú wọn. Kò ka ènìyàn dúdú náà sí ènìyàn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1940, àwọn sójà Jámánì wọ ilẹ̀ Faransé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ti ṣẹ́gun. Wọ́n gba Paris, tó jẹ́ olú-ìlú. Wọ́n ta àsíá tiwọn sókè níbẹ̀.

Àgbà sójà kan tó ń jẹ́ Pétain di olórí Faransé. Ó ní kí àwọn sójà Faransé dẹ́kun ìjà. Ọ̀gágun mìíràn tó ń jẹ́ de Gaulle kò gbà. Ó lọ sí London, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ṣì fẹ́ jà wá bá òun.

Àwọn aláṣẹ Faransé tó wà ní Dakar àti ní Dahomey tẹ̀lé Pétain. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Nàìjíríà ń bá Jámánì jà. Báyìí ni ogun ọ̀nà jíjìn ṣe wá dúró sí àárín Kétu àti Mẹ́kọ.

Ọkùnrin kan wà lára àwọn tó lọ bá de Gaulle. Philippe de Hauteclocque ni orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Leclerc ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ìtàn rẹ̀ nìyí.

2. Ọmọ tó fẹ́ràn ẹṣin

Wọ́n bí Philippe ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1902. Abúlé kan tó ń jẹ́ Belloy-Saint-Léonard, ní àríwá Faransé, ni wọ́n bí i sí. Ìdílé ọlọ́lá ni ìdílé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ti ṣe sójà.

Philippe náà fẹ́ ṣe sójà. Nígbà tó dàgbà, ó lọ sí Saint-Cyr. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá sójà ni. Ó tẹ̀ síwájú níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn sójà bí wọ́n ṣe ń fi ẹṣin jagun, nítorí ó fẹ́ràn ẹṣin gan-an.

Ní ọdún 1925, ó fẹ́ Thérèse. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ gbé e lọ sí Morocco, ní àríwá Áfíríkà.

Ní ọdún 1936, ẹṣin rẹ̀ ṣubú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá ni Philippe fi ń rìn. Ọ̀pá yìí bá a dé aṣálẹ̀. Ó bá a dé Paris. Ó bá a dé Strasbourg. Bí àwọn sójà bá rí ọ̀pá náà lókèèrè, wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀gá wọn ló ń bọ̀.

3. Ó sá lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tí Jámánì wọ ilẹ̀ Faransé, Philippe kò tíì di ọ̀gágun ńlá. Ó jà, ṣùgbọ́n àwọn sójà Jámánì mú un. Ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó padà sójú ogun. Ó fara gbọgbẹ́ ní orí, wọ́n sì tún mú un ní ilé ìwòsàn. Ó tún sá.

Ó gun kẹ̀kẹ́ gba àárín àwọn ọ̀tá kọjá. Gbogbo ojú ọ̀nà kún fún àwọn ènìyàn tó ń sá kúrò nílé wọn. Ó rí i bí ìyà ṣe ń jẹ wọ́n. Ó sì gbọ́ pé de Gaulle ń pe ènìyàn ní London.

Ó wá ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un. Thérèse mọ̀ pé òun nìkan ni yóò kù pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà láàárín ọ̀tá. Síbẹ̀, kò dá ọkọ rẹ̀ dúró. Philippe gba Spain àti Portugal kọjá. Ó dé London ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1940.

Ohun kan ń bà á lẹ́rù. Bí Jámánì bá gbọ́ pé ó wà lọ́dọ̀ de Gaulle, wọ́n lè fi ìyà jẹ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ó yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó mú orúkọ kan tó wọ́pọ̀ ní agbègbè tí wọ́n ti bí i. Orúkọ náà ni Leclerc.

4. Láti Èkó dé Douala

De Gaulle kò ní sójà púpọ̀. Kò ní ilẹ̀ kankan tó lè dúró sí láti jagun. Ó wo Áfíríkà. Ó rán Leclerc àti àwọn mìíràn lọ síbẹ̀.

Ọkọ̀ òfurufú gbé Leclerc dé Èkó, ní Nàìjíríà. Láti Èkó, ó lọ sí apá ilẹ̀ Cameroon tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní àkókò kan náà, ènìyàn dúdú kan ni gómìnà ilẹ̀ Chad. Félix Éboué ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Cayenne, ní òkè òkun, ni wọ́n bí i sí. Ẹrú ni àwọn baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n kó kúrò ní Áfíríkà. Éboué kọ̀ láti tẹ̀lé Pétain. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1940, Chad kéde pé òun wà lẹ́yìn de Gaulle.

Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Leclerc wọ inú ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn apẹja fi igi gbẹ́. Ọkọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ní. Àwọn ènìyàn tó wà nínú wọn kò pé ọgbọ̀n. Òkùnkùn ṣú. Wọ́n tu ọkọ̀ wọn lórí omi tí igi bò. Wọ́n ń lọ sí Douala, ìlú ńlá tó wà lẹ́bàá òkun ní Cameroon tó wà lábẹ́ Faransé.

Leclerc mọ̀ pé àwọn ọ̀gá sójà tó wà ní Douala lè kọ̀ láti gbọ́ràn sí òun lẹ́nu, nítorí ipò rẹ̀ kò tó. Ó fi ara rẹ̀ jẹ kọ́nẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Douala ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò ta sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo Cameroon náà ti wà lẹ́yìn de Gaulle.

5. Aṣálẹ̀

Ní oṣù kejìlá ọdún 1940, Leclerc dé Fort-Lamy, olú-ìlú Chad. N'Djamena ni wọ́n ń pe ìlú náà báyìí. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn sójà tó wà níbẹ̀.

Ọmọ Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn sójà wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀yà Sara, láti gúúsù Chad. Wọ́n mọ bí ènìyàn ṣe ń rìn jìnnà. Àwọn kan lára wọn mọ aṣálẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe mọ oko rẹ̀. Leclerc kò mọ̀ ọ́n. Ó ní láti kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ní àríwá Chad ni ilẹ̀ Libya wà. Ítálì ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ítálì sì wà lẹ́yìn Jámánì. Ibì kan wà ní Libya tó ń jẹ́ Kufra. Omi àti igi ọ̀pẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn ló yí i ká níhà gbogbo. Àwọn sójà Ítálì kọ́ odi sí Kufra. Wọ́n ní ìbọn púpọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú.

Leclerc fẹ́ gba Kufra. Ọ̀nà náà ju 1,000 kìlómítà lọ. Ó gùn ju ọ̀nà láti Kutọnu dé Malanville lọ. Kò sí títì. Kò sí igi. Lọ́sàn-án, ooru ń mú bí iná. Lóru, òtútù ń mú. Wọ́n ń wọn omi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́rì wọn ti gbó. Bó bá rì sínú iyanrìn, àwọn sójà á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á wà á jáde, wọ́n á tì í, wọ́n á sì tún gbéra.

Àwọn sójà Leclerc tó nǹkan bí 400. Àwọn ọmọ Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àgbá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń yìn sí odi náà. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yin àgbá náà. Lóru, àwọn sójà ń yọ́ lọ sí itòsí odi, wọ́n ń yìnbọn níhìn-ín, wọ́n ń yìnbọn lọ́hùn-ún. Àwọn ará inú odi rò pé ọ̀tá tó yí àwọn ká pọ̀ gan-an.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1941, àwọn sójà Ítálì gbé àsíá funfun sókè. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé wọn kò jà mọ́. Kufra bọ́ sọ́wọ́ Leclerc.

6. Ìlérí

Ní ọjọ́ kejì, Leclerc pe àwọn sójà rẹ̀ jọ. Wọ́n tò sórí ìlà. Wọ́n ta àsíá Faransé sókè lórí odi Kufra.

Leclerc bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní kí gbogbo wọn búra. Wọ́n búra pé àwọn kò ní fi ohun ìjà sílẹ̀ títí àsíá àwọn yóò fi fẹ́ lórí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Strasbourg.

Strasbourg jẹ́ ìlú kan ní ìlà-oòrùn Faransé, létí ilẹ̀ Jámánì. Hitler ti gbà á, ó sì ti sọ ọ́ di ti Jámánì. Láti Kufra dé Strasbourg tó nǹkan bí 3,000 kìlómítà. Aṣálẹ̀ wà láàárín. Òkun wà láàárín. Àwọn ọmọ ogun tó lágbára jù ní Yúróòpù wà láàárín.

Àwọn sójà náà wo ara wọn. Aṣọ wọn ti ya. Eruku bò wọ́n. Lọ́rì wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ta ni yóò gbà pé irú ìlérí bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ? Síbẹ̀ wọ́n búra, òyìnbó àti ènìyàn dúdú, gbogbo wọn papọ̀.

7. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀

Ogun náà kò tètè parí. Ní ìparí ọdún 1942, Leclerc àti àwọn sójà rẹ̀ tún gbéra ní Chad. Wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá. Ní oṣù kìíní ọdún 1943, wọ́n dé Tripoli, lẹ́bàá òkun. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pàdé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Montgomery jẹ́ ọ̀gágun wọn. Wọ́n jọ jà ní Tunisia. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, kò sí sójà Jámánì tó ń jà mọ́ ní Áfíríkà.

Ilẹ̀ Dahomey náà ti kúrò lẹ́yìn Pétain nígbà náà. Ẹnubodè tó wà láàárín Kétu àti Mẹ́kọ kò pín àwọn tó ń jagun sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́.

Leclerc lọ sí Morocco. Àwọn ará Amẹ́ríkà fún un ní ọkọ̀ ogun onírin, lọ́rì tuntun, ìbọn tuntun àti aṣọ tuntun. Nǹkan bí 16,000 ènìyàn ló wá wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun ìbànújẹ́ kan ṣẹlẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí sójà dúdú àti sójà funfun wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Àwọn ọ̀gágun àgbà fẹ́ kí ẹgbẹ́ tí yóò wọ Paris jẹ́ ti àwọn òyìnbó. Àwọn aláṣẹ Faransé gbà. Leclerc náà kò kọ̀ ọ́. Wọ́n yọ àwọn sójà dúdú kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Díẹ̀ báyìí ló kù.

Àwọn tó ti lọ́rì nínú iyanrìn kò bá wọn lọ. Àwọn tó gba Kufra kò bá wọn lọ. Àwọn tó búra pé àwọn yóò dé Strasbourg kò bá wọn lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀ nínú tiwọn: orúkọ. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Chad ni wọ́n ṣì ń pe ẹgbẹ́ kan lára àwọn sójà Leclerc. Orúkọ Chad lọ, àwọn ọmọ Chad dúró.

Ẹ fojú inú wò ó. Ẹnì kan ṣán oko. Ó kọ ebè. Ó gbin iṣu. Ó tu koríko. Nígbà tí iṣu tuntun tó wà, wọ́n ní kó jókòó sílé. Báwo ni inú ẹni náà yóò ṣe rí?

Síbẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà kò jáwọ́ nínú ogun náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun mìíràn gba etí òkun gúúsù wọ ilẹ̀ Faransé. De Lattre ni ọ̀gágun àwọn Faransé tó wà nínú wọn. Àwọn sójà dúdú pọ̀ níbẹ̀. Sójà Senegal ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ Senegal nìkan. Àwọn ọmọ Dahomey wà nínú wọn. Àwọn sójà dúdú wọ̀nyí jà láti gba ìlú Toulon, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú síbẹ̀.

8. Agogo Paris

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944, ọkọ̀ ojú omi tí kò lóǹkà gbé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Canada wá sí etí òkun àríwá Faransé. Ọ̀gágun Eisenhower láti Amẹ́ríkà ni olórí gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, Leclerc náà fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ iyanrìn etí òkun náà. Ọdún mẹ́rin ti kọjá tó ti kúrò nílé.

Eisenhower kò kọ́kọ́ fẹ́ wọ Paris. Ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kó máa lé ọ̀tá lọ. Bó bá gba Paris, ó ní láti wá oúnjẹ fún gbogbo ará ìlú náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ, àwọn ará Paris dìde fúnra wọn. Wọ́n gé igi, wọ́n kó òkúta jọ, wọ́n fi dí ojú ọ̀nà mọ́ àwọn sójà Jámánì. Ìbọn ọwọ́ wọn kò tó nǹkan. Hitler sì ti pàṣẹ kí wọ́n ba ìlú náà jẹ́.

Leclerc kò lè sùn. Ó rán ẹgbẹ́ kékeré kan síwájú kí ẹnikẹ́ni tó fún un láṣẹ. Ní ọjọ́ 22, àṣẹ dé. Gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ gbéra.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1944, àwọn sójà rẹ̀ díẹ̀ wọ àárín Paris. Inú ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Chad ni wọ́n ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Spain tó sá kúrò nílẹ̀ wọn. Àwọn ará ìlú gbọ́ ìró ọkọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rù. Nígbà tí wọ́n mọ àwọn tó dé, wọ́n sáré jáde. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dì mọ́ àwọn sójà. Àwọn agogo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ní ọjọ́ kejì, Leclerc fúnra rẹ̀ wọ Paris. Choltitz, tó jẹ́ ọ̀gágun Jámánì ní ìlú náà, fọwọ́ sí ìwé pé òun kò jà mọ́. Ó fa ìlú náà lé Leclerc lọ́wọ́. Paris di òmìnira.

9. Àsíá lórí Strasbourg

Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Leclerc kò gbàgbé. Kò ṣèlérí Paris. Strasbourg ló ṣèlérí.

Ọ̀tá ń ṣọ́ àwọn ọ̀nà ńlá tó lọ sí Strasbourg. Àwọn òkè gíga tún wà ní ojú ọ̀nà. Ó jẹ́ oṣù kọkànlá. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú. Leclerc kò gba ọ̀nà ńlá. Ó ní kí àwọn ọkọ̀ ogun onírin gba àwọn ọ̀nà tóóró tó wà lórí òkè. Àwọn ará Jámánì kò rò pé ẹnikẹ́ni lè gba ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1944, Leclerc pé ọmọ ọdún 42. Ní ọjọ́ kejì, láàárọ̀, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ já wọ Strasbourg. Àwọn sójà Jámánì kan ṣì ń rìn kiri nínú ìlú bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Sójà kan gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì ńlá náà. Ilé náà ga púpọ̀: 142 mítà ni. Ó so àsíá Faransé mọ́ ọn. Àwọn ènìyàn tó wà nísàlẹ̀ gbójú sókè. Afẹ́fẹ́ fẹ́ àsíá náà.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti búra ní Kufra. Ìlérí náà ṣẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe é kò rí i. Àwọn kan ti kú. Àwọn mìíràn wà lọ́nà jíjìn ní Áfíríkà, nítorí awọ ara wọn dúdú.

10. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1945, àwọn sójà Leclerc dé ilé tí Hitler kọ́ sórí òkè ní Jámánì. Hitler ti kú. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, ogun parí ní Yúróòpù. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, Japan náà fọwọ́ sí ìwé pé òun kò jà mọ́. Leclerc ló fọwọ́ sí ìwé náà lórúkọ Faransé.

Lẹ́yìn náà, wọ́n rán an lọ sí Vietnam. Faransé ló ń ṣàkóso ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ náà fẹ́ òmìnira. Leclerc bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ìbọn nìkan kò lè parí ọ̀rọ̀ náà. Ó gba àwọn aláṣẹ Faransé níyànjú pé kí wọ́n jókòó bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn kò gbọ́. Ogun gígùn ló tẹ̀lé e.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1947, Leclerc wọ ọkọ̀ òfurufú ní Algeria. Ìjì iyanrìn ń jà. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ nítòsí Colomb-Béchar. Leclerc kú, àti gbogbo àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ ọdún 45 ni. Aṣálẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣe ìlérí rẹ̀. Aṣálẹ̀ Áfíríkà náà ló kú sí.

Wọ́n sin ín sí Paris pẹ̀lú ọlá. Ní ọdún 1952, wọ́n fún un ní oyè tó ga jù tí sójà lè jẹ ní Faransé. Wọ́n gbé ère rẹ̀ sí Douala, ìlú tó fi ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀ lóru.

Leclerc jẹ́ akíkanjú. Ó sọ ọ̀rọ̀, ó sì mú un ṣẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ẹni tó bá rántí Leclerc, kó rántí Thérèse tó dúró ti ọmọ mẹ́fà. Kó rántí gómìnà Éboué. Kó rántí àwọn sójà Chad tó ti lọ́rì nínú iyanrìn. A kò mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ìlérí náà jẹ́ tiwọn pẹ̀lú.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

Ẹnubodè: ibi tí ilẹ̀ orílẹ̀-èdè kan parí sí, tí ti òmíràn bẹ̀rẹ̀.
Àsíá: aṣọ aláwọ̀ tí a fi ń mọ orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí òmíràn.
Aṣálẹ̀: ilẹ̀ tó kún fún iyanrìn, tí òjò kì í sábà rọ̀ sí.
Odi: ògiri líle tí a mọ yí ibì kan ká kí ọ̀tá má baà wọlé.
Àgbá: ìbọn ńlá tó ń ju ọta rẹ̀ jìnnà.
Búra: láti ṣe ìlérí tí a kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni orúkọ tí àwọn òbí Leclerc sọ ọ́? Kí ló dé tó fi yí orúkọ rẹ̀ padà?
2. Kí ló dé tí Leclerc fi ń fi ọ̀pá rìn?
3. Ta ni Félix Éboué? Kí ló ṣe?
4. Kí ni Leclerc àti àwọn sójà rẹ̀ búra ní Kufra?
5. Àwọn wo ni wọn kò jẹ́ kó bá Leclerc lọ sí Paris? Ǹjẹ́ ohun tí wọ́n ṣe sí wọn dára? Ṣàlàyé ìdáhùn rẹ.
6. Ní ọjọ́ wo ni ìlérí náà ṣẹ?
7. Sọ ìlérí kan tí o ti ṣe fún ẹnì kan. Ta ló ràn ọ́ lọ́wọ́ láti mú un ṣẹ?
8. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ bóyá ẹnì kan nínú ẹbí yín jẹ́ sójà rí. Sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní kíláàsì.